Màmá Mi Padà Sídìí Ìtànṣán

Aránṣọ ni màmá mi ní Ìkòròdú. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, tí èmi náà ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì lórí ohun tó ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì ara, ni àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ ní ẹnu ilé-ọmọ màmá mi. Ìtànṣán, iná ẹ̀rọ tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ni wọ́n fi ń wò ó nílé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó. Láàárọ̀, èmi àti màmá mi a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò. Bí a bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, wọn a gbórí lé èjìká mi, èébì a máa gbé wọn.

Nígbà tó yá, obìnrin kan tí òun àti màmá mi jọ ń gba ìtọ́jú gbọ́ pé kókó jẹjẹrẹ tòun ti ń súnkì. Ti màmá mi kò mira. Àìsàn kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin gbọ́, wọ́n sì ti Èjìnrìn wá bá wa. Wọ́n ní kí àbúrò àwọn jáwọ́, pé àìsàn tí iná òyìnbó ò ràn, iṣẹ́ ọmọ aráyé ni. Wọ́n ti gbá yàrá kan sílẹ̀ lábúlé. Mo mọ ohun tí wọ́n gbá yàrá náà sílẹ̀ fún: kí màmá mi lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀ de ikú.

Mo ń kàwé nígbà náà nípa àwọn èròjà kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì tí à ń pè ní RNA. Iṣẹ́ tiwọn ni láti pa àwọn jíìnì kan, ìyẹn àṣẹ àbímọ́ tí ń darí sẹ́ẹ̀lì, lẹ́nu mọ́, kí òmíràn lè máa sọ̀rọ̀. Bí ìtànṣán bá kọlu sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àwọn kan nínú wọn a pọ̀ sí i, àwọn mìíràn a dín kù. Ìyẹn lè jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kan kú, kí òmíràn tún ara rẹ̀ ṣe, kó sì máa yè é. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi bí mo ti lè sọ ọ́ ní Yorùbá, pé àìgbóògùn kì í ṣe èpè.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi bi mí bóyá mo ti fojú rí RNA yìí. Mo ní rárá, a ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ohun tí o ò rí rí lo ń pè ní òótọ́. Èmi sọ tèmi, o ní irọ́ ni.”

Kí n tó fèsì, màmá mi tó dùbúlẹ̀ ti dìde jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ní kí n wá dùbúlẹ̀. Ọmọ mi ní kí n padà síbẹ̀. Mò ń padà síbẹ̀. Bí n ó bá tilẹ̀ kú, ojú ọ̀nà ni kí ikú ti bá mi.”

A padà. Àwọn dókítà fi oògùn kún ìtànṣán náà. Díẹ̀díẹ̀, kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Mo sọ fún olùkọ́ mi pé RNA yìí ni n ó fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi. Wọ́n fi sùúrù gbà mí nímọ̀ràn pé kí n mú ewé kan tí wọ́n fi ń ṣe oògùn yẹ̀ wò bí àwọn ẹgbẹ́ mi, torí ẹ̀rọ ò sí. Mo dúpẹ́, mo sì kọ̀. Ó gbà mí lọ́dún púpọ̀, àti ìrìn àjò sókè òkun, kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ náà. Títí dòní, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé RNA báyìí ló dáàbò bo kókó màmá mi. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dẹ́kun àtiwá a.

Kí n tó lọ sókè òkun, màmá mi ní kí n sin àwọn lọ sí ọjà Èjìnrìn. Wọn ò fẹ́ ra nǹkan kan. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fúnra wọn rán dín kù torí pé wọ́n ti rù, wọ́n ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n ń kí àwọn tó ti ń fi ohùn ẹkún dárúkọ wọn bí ẹni tó ti kú. Ẹ̀gbọ́n wọn sáré gbé àga wá.

Màmá mi ní ẹ ṣé, àwọn ti jókòó tó.