Ìdajì Orí Ìyá Onígàrí

Mo kàwé ní yunifásítì ní Lomé. Ohun tí mo rí mú bọ̀ níbẹ̀ ni bí a ti ń fi èdè Faransé fura sí ènìyàn. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Agbonou, ní ìlú Atakpamé, nínú aṣọ funfun bíi ti dókítà, tí eruku alùpùpù sì bo ṣòkòtò àti bàtà rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kan aṣọ náà, mo ti mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ló ti yọ ọ́ nínú báàgì.

Onídìrí ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń po ìpara irun tirẹ̀, òrí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin a sì máa ti Moretan wá rà á. Ọkùnrin náà gbé ìgò kékeré kan kalẹ̀. Ó ní èròjà inú rẹ̀ ń mú irun jọ̀lọ̀, kì í jẹ́ kó dìde nígbà ọ̀rinrin. Kí ẹ̀gbọ́n mi máa pò ó mọ́ ìpara rẹ̀, òkìkí rẹ̀ yóò kọjá Atakpamé. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ń tàn. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí irun obìnrin kan ṣoṣo bá já ní Moretan, ọjọ́ ọjà kan péré ni ìròyìn náà yóò fi kárí, orúkọ rere tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yóò sì bá a lọ.

Mo ní a ó kọ́kọ́ dán an wò. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń dán nǹkan wò látìgbà tí wọ́n ti bí i, bẹ́ẹ̀ òfin ni mo kà. Mo ní kí a pín orí ẹnì kan sí méjì: kí a fi èròjà sí apá òsì, kí a fi omi lásán sí apá ọ̀tún. Ọkùnrin náà gbà kíákíá. Ìyẹn náà tún mú mi fura.

Ìyá tó ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni a yá orí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ooru agbada ń gbé irun rẹ̀ dìde. Ohun tó bá mú irun yẹn wálẹ̀ yóò mú ti ẹnikẹ́ni wálẹ̀. Ó béèrè bóyá èròjà náà yóò ta òun lórí. Ọkùnrin náà ní rárá o, Màmá, ara ni yóò tù yín. Ó fi èròjà rẹ̀ sí òsì, èmi fúnra mi fi omi sí ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí àwa méjèèjì bọ́ síta kí òun lè ya irun náà dáadáa. Níta, ọkùnrin náà ń ròyìn ilé iṣẹ́ wọn ní Lomé, níbi tí ẹ̀rọ ti ń wo fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan. Mo béèrè àdúgbò tó wà. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò níbẹ̀ ni.

Ìyá onígàrí padà sídìí agbada. Nígbà tó yan gàrí tán, ó wá jókòó, a yí i ká. Apá òsì jọ̀lọ̀. Apá ọ̀tún náà jọ̀lọ̀.

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ṣàlàyé: agbára èròjà náà pọ̀ débi pé ó gba abẹ́ awọ orí kọjá sí ìhà kejì. Èmi náà kò gbẹ́yìn. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ooru gàrí ló ń mú irun rọ̀. Mo ti gbàgbé pé nítorí pé ooru yẹn ń da irun rú la ṣe lọ pe obìnrin náà.

Ilẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò. "Ìpara mi ni mo fi sí apá ọ̀tún, nígbà tí ẹ wà níta. Ṣé kí n wá jẹ́ kí àgbàlagbà jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìdajì orí, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú?"

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, onídìrí kì í fi orí sílẹ̀ láàbọ̀. Bí òjò bá ká wọn mọ́ ìta, wọn a gbé àpótí wọlé, wọn a parí rẹ̀.

"Mo rí i nígbà tó ń fi sí i," ni ìyá onígàrí wí. "Mo rò pé ó wà nínú ìwé yín ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, Màdáàmù, tí a bá pò wọ́n pọ̀, agbára á di méjì. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè orúkọ èròjà náà. Ó gbé ìgò sójú, ó kà á. Orúkọ náà gùn bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Kamina.

"Ẹ gbé ìgò yẹn kalẹ̀, Ọ̀gá, kí ẹ tún un pè," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó dé àárín, ó dúró, ojú rẹ̀ sì ń wá ìgò.

"Ẹ máa mú un lọ. Ohun tí ẹni tó ń tà á kò lè pè, èmi ò lè fi í sórí ọmọ ẹlòmíràn."

Kí n sọ òótọ́, apá òsì yẹn jọ̀lọ̀ gan-an. Bóyá èròjà náà dára. Ìdánwò mi kò fi nǹkan kan hàn wá.

Ọkùnrin náà rọra béèrè ohun tó wà nínú ìpara ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní òrí ni. Ọkùnrin náà béèrè kí ló tún fi sí i. Ó tún ní òrí ni. Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, èmi náà bi ẹ̀gbọ́n mi, ní Faransé, kí ìyá onígàrí má baà gbọ́. Ó ní kí n mú òòyà fún òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di irun ìyá náà, láti apá ọ̀tún.