Ojú Ìbídùn Nínú Kàlẹ́ńdà Ọlọ́ṣẹ

Ọdún méjìlélógún gbáko ni fọ́tò ìgbéyàwó Ìbídùn fi wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, bí ẹni tó jẹ̀bi. Wọn ò gbé e kọ́ rí. Ọ̀rẹ́ ìyàwó kan, tó rò pé òun mọ̀ ọ́n dá ju Ẹni tó dá Ìbídùn lọ, ló kun ún lójú lọ́jọ́ náà. Ojú funfun bí ẹ̀kọ tútù, ọrùn dúdú bó ṣe bá a wáyé. Nígbà tí fọ́tò dé Ìkẹ́rẹ́, ìyá gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, ó ní, "Ọkọ rèé, mo dá a mọ̀. Ìyàwó wá ńkọ́? Ṣé kò ráàyè wá ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Ìbídùn náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá lọ kí ìyá rẹ̀, tó rí fọ́tò àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ lára ògiri pálọ̀, tí tirẹ̀ ò sí níbẹ̀, ẹ̀rín náà kì í dénú.

Ní ọdún kejì tí ìjọba alágbádá padà dé, Ọlọ́run rántí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ti ń bá di ọṣẹ sínú páálí n'Íkẹjà láti bí ogún ọdún fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ arẹwà inú tẹlifíṣọ̀n kankan, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ níbẹ̀ làwọn máa yà. Oṣù kẹta bọ́ sọ́wọ́ Ìbídùn, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa ya fọ́tò.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. "Olúwa, Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé kàlẹ́ńdà yìí lọ. Jẹ́ kí ìyá mi dá mi mọ̀." Ó ti ń ṣe Àmín lọ, ó tún rántí: "Kí n sì rẹwà díẹ̀."

"Díẹ̀" yìí ló gbé e dé Dopemu lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́, lọ́dọ̀ Sọ̀fíyàt, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ta àtíkè, tìróò àti oríṣiríṣi ìpara lábẹ́ agboòrùn pupa ńlá kan.

"Faundéṣọ̀n ni mo fẹ́," ni Ìbídùn wí, "èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi pa ojú kí àtíkè tó gùn ún."

"Ẹ mú ọwọ́ wá, Mọ́mì."

Sọ̀fíyàt yọ díẹ̀ nínú ìgò kan, ó fi pa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ìpara náà wọlé bí omi ṣe ń wọ iyanrìn. Èèyàn ò mọ ibi tí ìpara parí sí tí ara bẹ̀rẹ̀.

"Àwọ̀ yín gan-an rèé! Àfi bí ẹni pé wọ́n wọn yín kí wọ́n tó pò ó."

Ìbídùn yin Olúwa, ó gba ìgò rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí kì í fojú kékeré wo okùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kóun dán an wò ná. Ó kùn ún lábẹ́ gílóòbù inú yàrá, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlámijùlọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Aláúsá, ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́. Búrẹ́dì dúró sẹ́nu.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan o, Mọ́mì. Ẹ kú ìrìnàjò."

"Ìrìnàjò ibo?"

"Ojú yín ni mò ń kí. Ó ti wọ bàálù lọ sílùú òyìnbó, ó fi ọrùn sílẹ̀ fún wa l'Ágége."

"Orí ẹ ò dáa!" Ìbídùn gbé díńgí lọ síbi fèrèsé. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí n'Íkẹ́rẹ́ ló ń wò ó padà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí iná ọyẹ́ ló ṣe wọ Dopemu. "Sọ̀fíyàt! Ṣé o fẹ́ kí ìyá mi kọ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Kí ni mo ṣe?"

Ìbídùn ro ẹjọ́ náà látorí ìgbéyàwó dórí búrẹ́dì. Sọ̀fíyàt gbá ọwọ́ Ìbídùn mú, ó gbé e súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìbídùn fúnra rẹ̀, ó sì gbé díńgí síwájú rẹ̀. Ojú dúdú. Ọwọ́ pupa rẹ́súrẹ́sú.

"Mọ́mì, ṣé tiyín lọwọ́ yìí, àbí ẹ yá a? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe gan-an?"

"Ilé iṣẹ́ ọṣẹ..." Ẹnu rẹ̀ ò sì tíì pa dé tí ọ̀rọ̀ fi yé e.

Wọ́n ní àṣà kan ní yàrá páálí. Bí iṣẹ́ bá ti parí, àwọn obìnrin á ṣa àjákù ọṣẹ tó já bọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, èyí tí agbára rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, tó ṣì ń ta ní ara, wọ́n á fi fọ ọwọ́ dé ìgbúnwọ́. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ọlọ́ṣẹ ò gbọdọ̀ gbé òógùn wọ ọkọ̀. Ogún ọdún lọṣẹ fi ń bó ọwọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i, nítorí bí ọwọ́ ẹnì kan ṣe rí ni ti gbogbo wọn rí.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ni Sọ̀fíyàt wí. "Ojú lẹ fẹ́ kùn, ọwọ́ ni mo lọ bi léèrè."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

Sọ̀fíyàt fà á jáde sínú oòrùn. "Agboòrùn pupa yìí náà lè purọ́." Ó fa ìlà ìpara mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, níbi tí ojú ti ń di ọrùn. "Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná. Kì í sòótọ́ nígbà tó bá ṣì tutù. Èyí tí a ò bá rí mọ́, òun ni tiyín." Ìlà kan funfun bí ẹfun, ìkejì pọ́n bí epo. Ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ó kàn dúdú jù ní bín-ín-tín. Sọ̀fíyàt kán díẹ̀ sí i nínú ìgò àkọ́kọ́, ó pò ó, ó tún fa ìlà. Wọ́n wá a tì.

"Ẹ fọ ojú, ẹ fi ìpara ara díẹ̀ pa á, ẹ gba àdúrà yín kó lè ráyè wọlé. Ẹ wá fi fóòmù tútù lu faundéṣọ̀n yìí jẹ́jẹ́, ẹ má fà á. Kó dé etí, kó dé ọrùn. Díẹ̀ o, Mọ́mì. Kì í ṣe ògiri lẹ̀ ń kùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìbídùn, tí kì í fi nǹkan Ọlọ́run ṣeré, lọ mú Sáàmù ìkọkàndínlọ́gọ́fà, tó gùn ju gbogbo Sáàmù lọ, fún àdúrà náà. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ fi í sílẹ̀.

Felix onífọ́tò wò ó láti òkè délẹ̀. "Madam, ẹ sáré lọ kun ojú yín, àwọn yòókù ti kùn tán."

"Mo ti kùn ún."

Felix súnmọ́ ọn. "Ibo ló wà?"

"Ó wà níbi tó yẹ kó wà."

Felix gbé ọṣẹ kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó gbé e súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó yà á.

Nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́ta, Ìbídùn fúnra rẹ̀ gbé kàlẹ́ńdà dé Ìkẹ́rẹ́. Kò sọ oṣù tí òun wà. Ìyá wọ awò, ó ṣí oṣù kìíní, ó ṣí ìkejì. Ó dé ìkẹta, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìbídùn," ni ìyá wí. Kì í ṣe èyí tó jókòó tì í ló ń pè, èyí inú kàlẹ́ńdà ni. "Wò ó bó ṣe ń wò mí. Ojú bàbá rẹ̀ nù-un kedere!"

Ó ní kí wọ́n wá ìṣó. Wọ́n gbé e kọ́ sí àárín ògiri gan-an. Láti ọjọ́ náà, oṣù kẹta ni ọdún wà nínú pálọ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti ṣí i lọ síwájú.

Ìbídùn ń nu ojú rẹ̀ nígbà tí ìyá tún súnmọ́ ògiri, tó fi ìka kan ibi ọṣẹ.

"Ṣùgbọ́n òyìnbó wo ló bá ọ gbé ọṣẹ yìí dání?"