Ohun Tí Sìgá Kọ Sára Ojú Abẹ́rẹ́

Télọ̀ ni. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ojú Abẹ́rẹ́, nítorí pé kò sí ìránṣọ tó wọ́ tí ojú rẹ̀ kì í bá. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kó sì sọ fún ẹni tó ń kọjá lọ pé apá òsì ẹ̀wù rẹ̀ fi díẹ̀ gùn ju ọ̀tún lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó kọ́kọ́ mu sìgá, lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó fi máa sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, sìgá ti di ìka kọkànlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ, eérú ni wọ́n máa bá níbẹ̀."

Ẹ̀fẹ̀ yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ tó ń wọn àyà oníbàárà kan. Ó na téèpù yí ọkùnrin náà ká, ó fẹ́ pe iye tó rí, ohùn kò jáde. Èémí ló ń wá. Ó di tábìlì ìgéṣọ mú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì wọlé. Oníbàárà ló sáré gòkè lọ pe ìyàwó Ojú Abẹ́rẹ́ nínú ilé wọn tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá ẹ̀rọ kan tó ń wọn èémí. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí òun náà lè bí, wo ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

"Bàbá, iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró yín ń ṣe kò tó ìdajì mọ́. Àwọn àpò kéékèèké tó ń gba afẹ́fẹ́ sára ti bàjẹ́. Èyí tó bàjẹ́ kò ní hù padà."

"Ṣé sìgá náà ni?"

"Òun ni. Kò sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ télọ̀, ó máa yé yín. Ara wa ní páálí ìgéṣọ, bí èyí tẹ́ ẹ fi ń gé aṣọ, tá a jogún lọ́dọ̀ òbí, òun là ń pè ní jíìnì. Sìgá lè ya páálí náà, ìyẹn lè di jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i: rán ibí, fo ibí. Páálí kò yí padà, àmọ́ aṣọ tó ń jáde kò rí bó ṣe yẹ kó rí mọ́."

"Ṣọ́ọ̀kì ṣeé gbọ̀n nù," ni Ojú Abẹ́rẹ́ sọ wéré. "Ẹ fún mi lóògùn tó máa gbọ̀n ọ́n nù. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kò sí oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Bẹ́ ẹ bá jáwọ́, púpọ̀ nínú àmì náà á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún mélòó kan. Àmọ́ àwọn àmì kan ṣì wà lára ẹni tó ti jáwọ́ láti ọgbọ̀n ọdún."

Ojú Abẹ́rẹ́ sún mọ́ tábìlì. "Ọmọ mi obìnrin ní ikọ́ fée láti kékeré. Ṣé ọ̀dọ̀ mi ló ti kó o?"

"Èéfín tó fà símú nínú yàrá yín lè dá kún un. Ní ti àmì yẹn, àwọn olùwádìí kan rí i pé ikọ́ fée fi díẹ̀ pọ̀ lára ọmọ àwọn ọkùnrin tó ti mu sìgá láti ìgbà ọ̀dọ́. Wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó ṣe ọmọ yín nìyẹn."

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n "ìgbà ọ̀dọ́" nìkan ló bá a délé.

Ó jáwọ́ lọ́jọ́ náà. Òwú kò wọ abẹ́rẹ́ mọ́, ó jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ nítorí ṣíbí tó já bọ́. Ní ọjọ́ kejìlá, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀, ó sì fa ẹyọ sìgá kan títí tó fi jó o létè.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ yà kí wọn láti ilé ìwé tó ti ń kọ́ni. Kò tíì jókòó tí òórùn sìgá ara bàbá rẹ̀ fi kan imú rẹ̀, ikọ́ sì gbé e. Àyà rẹ̀ ń súfèé. Ó da báàgì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó rí agolo kékeré tó fi ń fín oògùn sẹ́nu.

Ojú Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tó bí. "Dárí jì mí. Kí n tó bí ọ ni mo ti bà ọ́ jẹ́."

"Bàbá, ẹ dìde! Mi ò béèrè ẹni tó fà á. Ẹ ṣí fèrèsé!"

Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò wá sílé yẹn mọ́ nítorí èéfín, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn.

Kò fẹnu kan sìgá mọ́. Lẹ́yìn oṣù méje, ó tún lọ fẹ́ ọ̀pá. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò burú sí i, bàbá. Ọpẹ́ ni."

Ọpẹ́ kẹ̀? Ó ti rò pé á sàn. Kò lè gun òkè ilé ara rẹ̀ mọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti gbé bẹ́ẹ̀dì wá sí ṣọ́ọ̀bù, àárín aṣọ oníaṣọ ni wọ́n ń sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dá lọ sílé ọmọ rẹ̀, lókè kẹta. Ní agbedeméjì àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ kọ̀. Ó jókòó, ó tẹ ọmọ náà láago. Ọ̀rọ̀ kò jáde, èémí nìkan.

"Bàbá? Níbo lẹ wà?"

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà. Ó kọ́kọ́ gbóòórùn ọrùn ẹ̀wù bàbá rẹ̀. Kò gbọ́ òórùn èéfín. Ojú rẹ̀ rọ̀, ó sì jókòó tì í.

"Mo ti... mo ti jáwọ́..."

"Mo mọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ mí ná."

Àwọn aráalé ń yà lára wọn kọjá. Ọmọ náà wo òkè níbi tí ilé rẹ̀ wà, ó wo ìsàlẹ̀ lọ́nà ilé ìwòsàn, kò mọ èyí tó yá jù láti gbé bàbá rẹ̀ gbà.