Habeebat àti Ìwé Ọdún Mẹ́ta

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Habeebat. Aránṣọ ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, òun náà ló sì ń darí àárín pápá fún Ìràwọ̀ Òkè, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó wà ní Ìwárò Ọ̀kà. Èmi Theresa ni nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ náà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì ti palẹ̀ mọ́ pé Ìfira ìlú mi ni n óò ti máa sinmi, àfi bí wọ́n ṣe ní kí n wá máa fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. N kò kọ̀. Mo fẹ́ràn ariwo àwọn ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Bí àlejò bá kọ́kọ́ rí Habeebat lórí pápá, kò ní kà á sí. Kò ga, kò sì lè sáré tó ìdajì àwọn tó kù. Híjáàbù dúdú ló máa ń wé, ṣòkòtò gígùn ló máa ń wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti mọ ibi tó ń rán an lọ. Á nawọ́ sí ọ̀tún, á ké sí òsì, á pe orúkọ ẹnì kan tó ń wo ẹyẹ lókè, kí onítọ̀hún tó jẹ́ ẹ, bọ́ọ̀lù ti wà níwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wá láti Ìṣùà, láti Èṣé, láti Ìkàrẹ́, láti Ọ̀kà níbí. Ẹlòmíràn nínú wọn kò gbọ́ èdè tí ẹnì kejì rẹ̀ ń sọ nílé, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbọ́ èdè ọwọ́ Habeebat.

Àdéhùn ọdún méjì ló ní pẹ̀lú ẹgbẹ́, ó sì ku oṣù kan kó parí. Ni alága wa, Alhaji Raheem onípákó, bá pe ìpàdé. Àwa mẹ́ta péré ni ìgbìmọ̀: òun, Tíṣà Zachariah tó jẹ́ akọ̀wé, àti èmi. Alhaji ní òun fẹ́ fi ọdún mẹ́ta kún un.

"Ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń lọ sí ọgbọ̀n ọdún," ni Tíṣà wí. "Safinat ọmọ Ìṣùà ò ju ogún ọdún lọ, ara ọmọ yẹn ṣì gbóná. Alhaji, ẹ má fi owó ọ̀la ra ẹsẹ̀ àná."

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe. Pákó tútù máa ń wọ́ tí oòrùn bá pa á. Èyí tó ti pẹ́ tó sì ti gbẹ ni àwọn oníbàárà mi ń wá. Bí Habeebat bá lọ, ta ni yóò máa sọ fún Safinat ibi tí yóò sá sí?"

Èmi wà lẹ́yìn Alhaji. Mo ní ó dára fún ẹgbẹ́, ó sì dára fún ọmọ náà, kí wọ́n lọ kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, mo sì ń fọwọ́ sọ̀yà.

Kò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Habeebat fi wá bá mi ní yàrá tí mò ń kó oògùn ẹgbẹ́ sí. Ó ní kí n bá òun ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀. Mo ṣe é. Ìlà pupa méjì ló yọ. Ọmọ náà jókòó sórí ibùsùn, ó fọwọ́ bo ojú rẹ̀, n kò sì lè sọ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Ọdún kẹfà rèé tó ti wà nílé ọkọ. Oyún méjì ló ti bà jẹ́ lára rẹ̀, méjèèjì kí oṣù kẹta tó pé. Nígbà èkejì, ayọ̀ pọ̀ jù, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Nígbà tí oyún náà wá lọ, gbogbo àdúgbò ló wá kí i kú ìrọ́jú. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀, Mọ́júbọ́lá, ti ṣòfin pé bí òmíràn bá dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ títí ikùn yóò fi yọ. Irú òfin yẹn kì í ṣe ti Mọ́júbọ́lá nìkan. Lọ́dọ̀ wa níbí, a kì í ka oṣù fún aboyún. Mo ti ń fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí mo ti wọ aṣọ funfun, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í jáde lẹ́nu mi. Mo mú un lọ rí dókítà. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ lù ú lórí pápá mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Alhaji gbé ìwé wá sí pápá: ọdún mẹ́ta, owó oṣù tó fi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti maṣíìnì ìránṣọ oníná kan, tuntun nínú páálí. Habeebat kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun rò ó. Lẹ́yìn náà ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kò bá wọn ṣe ìgbáradì. Ọ̀la rẹ̀, bákan náà. Ọ̀túnla, bákan náà.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni Tíṣà wí. "Ẹgbẹ́ kan ti ń pè é láti Àkúrẹ́. Mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú, àwọn ọlọ́kadà Ìkàrẹ́ ti mọ orúkọ ẹgbẹ́ Àkúrẹ́ tí kò sí níbì kan. Kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti mọ àwọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rà fún Habeebat. Alhaji kò sùn dáadáa. Ó fi jẹnẹrétọ̀ kún maṣíìnì. Habeebat tún dúpẹ́, ó tún dákẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Alhaji fi fíríísà kún un. Tíṣà bi í pé kí ni aránṣọ fẹ́ fi fíríísà ṣe. Ó ní ó lè máa ta omi tútù fún àwọn tó ń dúró gba aṣọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Habeebat kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bó ṣe ń dákẹ́ ni ẹrù ń pọ̀ sí i.

Ìgbà tí Alhaji wá dárúkọ alùpùpù, pé kó máa gùn ún láti Ìkàrẹ́ wá sí Ọ̀kà lórí ọ̀nà olókè wa yìí, ẹnu mi yọ. "Alhaji, ẹ fi ti alùpùpù yẹn sílẹ̀ ná," ni mo wí. Tíṣà wò mí títí, ó ń wò mí bí ẹni tó ti gba rìbá lọ́wọ́ Àkúrẹ́. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni mo wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Habeebat. Mo bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó ń bá a tú ojú rírán bùbá kan. Mọ́júbọ́lá kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Kó fọwọ́ sí i, Màmá Nọ́ọ̀sì. Kó gba maṣíìnì, kó gba fíríísà. Tí ikùn bá yọ, ikùn á sọ tẹnu rẹ̀. Ta ló máa gba maṣíìnì lọ́wọ́ aboyún?"

Habeebat kò gbójú sókè. "Ìyá mi, bí mo bá fọwọ́ sí i láìsọ, ẹ̀bùrú ni mo gbà mú maṣíìnì, gbogbo aṣọ tí mo bá sì fi rán ni yóò máa wò mí. Bí mo bá sọ, tí èyí náà tún lọ, wọn á ní ẹnu mi ló lé e lọ. Èmi náà á sì gbà bẹ́ẹ̀."

Mo sọ fún un pé ọdún márùndínlógójì ni mo fi tọ́jú aboyún, n kò rí ibi tí ẹnu ti lé oyún lọ rí.

"Mo gbọ́ yín, Màmá," ló wí. "Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àyà mi."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo jókòó, mo bá wọn tú bùbá náà títí ó fi tán.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Ásárì, a péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaji, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Abdulwaheed ọkọ Habeebat, tó ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéwú ní Ìkàrẹ́, ló gbé e wá. Wọ́n ní kó wọlé, ó ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kọ́ ni tòun, ó lọ jókòó sórí pákó níta pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti kó maṣíìnì, jẹnẹrétọ̀ àti fíríísà jọ bí ẹrù ìyàwó. Alhaji ṣe bísímílà, ó na kálàmù sí Habeebat.

Habeebat kò gbà á. "Alhaji, ìwé yín ti dára jù fún ohun tí ẹ máa rí gbà lọ́wọ́ mi. N kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún yín ní sáà tó ń bọ̀." Ó fọwọ́ ti kálàmù náà padà. "Mo lóyún. Oṣù kẹta ni mo wà."

Ayùn ń ké lẹ́yìn ilé. Alhaji ní kí wọ́n pa á. Nígbà tó dákẹ́, ó bi í pé, "Àkúrẹ́ ò wá sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá?"

"N kò mọ ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́, Alhaji."

"O wá ń wò mí tí mò ń kó ẹrù ilé mi síta. Ti ìyàwó mi ni fíríísà yẹn o."

A rẹ́rìn-ín, Habeebat náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà kì í jẹ́ kí ẹ̀rín pẹ́ nínú ìpàdé. Ó bèèrè ohun tó yẹ kí ẹnì kan bèèrè: ẹgbẹ́ yóò san owó ọdún kan fún ẹni tí kò ní wọ pápá, kí ni èrè ibẹ̀?

"Kí wọ́n yọ jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n yọ fíríísà," ni Habeebat dáhùn. "Kí owó mi ti ọdún yìí dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀. N óò máa jókòó sí etí pápá, n óò máa darí wọn láti ibẹ̀, n óò sì kọ́ Safinat ní ohun tí mo mọ̀. Tí mo bá bímọ tán, n óò padà."

"Ká máa sanwó fún ẹnu?"

"Ẹnu náà lẹ ti ń sanwó fún láti ọdún méjì, Tíṣà. Ẹ kàn rò pé ẹsẹ̀ ni."

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Alhaji ní ó parí, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tíṣà fa ìwé mọ́ra, ó ń kọ, ó sì ń kà á jáde bó ṣe ń kọ ọ́: bí ọmọ bá dé láyọ̀, Habeebat yóò padà sórí pápá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó sọ̀kalẹ̀ sí ìlà kejì. "Bí oyún náà bá sì..."

Kálàmù fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ló gbá a. Èmi Theresa, tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi bú àwọn ìyá arúgbó tí kì í jẹ́ kí a ka oṣù, èmi ni mo dìde tí mo ń pariwo pé ẹnikẹ́ni kò ní kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí ìwé lójú mi.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà méjèèjì," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́. "Bí a kò bá kọ ọ́, ní ọjọ́ tí..." Òun náà kò lè parí rẹ̀.

Òótọ́ ló sọ, gbogbo wa ló mọ̀. Ìlà yẹn gan-an ni Habeebat nílò jù, kò sì sí ẹni tó lè fẹnu sọ ọ́. Ọmọ náà ti fọwọ́ bo ikùn rẹ̀. Alhaji bẹ̀rẹ̀, ó mú kálàmù nílẹ̀, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Tíṣà. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́, nítorí ọwọ́ tó fi ń sàmì sí pákó ló fi ń kọ̀wé. Nígbà tó parí, ó tì í sí Habeebat. Ohun tó kọ ni pé: "Ohunkóhun tí Ọlọ́run bá ṣe, àyè Habeebat wà níbí fún ọdún mẹ́ta."

Habeebat kà á, ó tún un kà. "Ohunkóhun, Alhaji?"

"Ohunkóhun ni mo kọ."

Omijé rẹ̀ kán sórí ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i. Alhaji ṣàdúà fún un, èmi pẹ̀lú Tíṣà tí a jẹ́ ọmọ ìjọ ń ṣe àmín, kò sí ẹni tó ń bèèrè ẹ̀sìn ta ni.

Mo sìn ín jáde. Abdulwaheed dìde lórí pákó, ó ti rí i lójú ìyàwó rẹ̀.

"O ti sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀, kò mọ ibi tó fẹ́ fi tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ sí. Habeebat di ọwọ́ náà mú.

"Kí wọ́n mọ̀," ló wí. "Ti ìṣáájú, àwọn èèyàn gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó lọ tán ni wọ́n wá dúró tì mí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti wà níbẹ̀."