Ta Ló Ń Kó Wọn Pọ̀ Sórí Sáfà Kan?

Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mo fi há ẹnu ilẹ̀kùn yàrá sáfà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo fi í sí, níbi tí ojú ẹlòmíràn kò ní dé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì lọ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà ní wọ́ọ̀dù. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn náà, ìgbálẹ̀ á já bọ́. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ìgbálẹ̀ ti wà nílẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́ lónìí!" Ènìyàn méjì péré ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn: èmi, àti Bàbá Sálíù tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà mi fún yín. Dúpẹ́ lorúkọ mi, ọmọ Iyara ni mí, ọsibítù kan ní Kabba ni mo sì ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Mi ò kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá bu omi fún mi, ìdí ife ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kò parọ́ mọ́ mi. Mo máa ń fa ìlà sára ìgò òróró mi nílé kí n lè mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni bù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mò ń gbé.

Sáfà mẹ́ta la ní ní ọsibítù. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà ní wọ́ọ̀dù àti ní ilé oògùn gbára lé. Inú sáfà kọ̀ọ̀kan la máa ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sí, èyí tí kò ní ara téèyàn lè fọwọ́ kàn. Fí-ẹ́mù là ń pè wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ẹ ṣáà kà wọ́n sí ayálégbé, kí ẹ ka sáfà sí ilé. Méjì nínú àwọn ayálégbé yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀kan ló ń tọ́jú orúkọ àti ìtàn àìsàn gbogbo ẹni tó ti wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa. Èkejì ni ẹ̀dà rẹ̀: ohun tí èkíní bá kọ, òun náà á kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á bọ́ sí ipò rẹ̀. Nítorí náà, wọn kò gbọdọ̀ jọ wà lórí sáfà kan náà. Àwọn àgbẹ̀ Iyamoye ti mọ èyí kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà: wọn kì í kó gbogbo èbù iṣu sínú abà kan, kí iná má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Òfin tí a fi ń yà wọ́n ní orúkọ gígùn kan lédè òyìnbó. Èmi ń pè é ní òfin má-jọ-gbé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ tó ń darí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ìwé orúkọ aláìsàn lórí sáfà àkọ́kọ́, ẹ̀dà rẹ̀ lórí sáfà àárín. Mo tún pàṣẹ pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dá gbé fí-ẹ́mù kankan láti ibì kan lọ síbòmíràn láìbi mí. Àyè kan ṣoṣo tí mo fi sílẹ̀ ni pé bí sáfà kan bá kú lójijì, kí ẹ̀rọ tètè jí àwọn ayálégbé rẹ̀ dìde lórí èyí tó ṣì wà láàyè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ó bi mí. Mi ò gba ènìyàn gbọ́, ṣé irin ni mo fẹ́ wá gbà gbọ́?

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà òjò. Mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àwọn méjèèjì lórí sáfà àkọ́kọ́. Mo yà wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n tún ti jọ wà. Mo tún yà wọ́n. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo ṣí ìwé tí ẹ̀rọ máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, mo wá ìlà tó sọ ẹni tó gbé ẹ̀dà náà. Orúkọ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ní irọ́ ni, ẹnì kan ló fi orúkọ ẹ̀rọ bojú. Mo ti lẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ inú ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù inú yàrá náà, àwọn tó sì lè rí i kò ju èmi àti Bàbá Sálíù lọ.

Mo sì mọ ìdí tó fi lè fẹ́ ṣe é. Ràmátù, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló ń tọ́jú káàdì aláìsàn tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà dé, wọ́n gbé Ràmátù lọ sí ilé ìfọṣọ. Ta ni inú rẹ̀ máa dùn bí kọ̀ǹpútà bá dàrú, tí wọ́n tún padà sí káàdì? Bàbá náà a sì máa sọ fún gbogbo ayé pé òun ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń tẹnu mọ́ ọn pé òun ò mọ̀ ọ́n, òun gan-an lèmi máa ń ṣọ́.

Ọjọ́ kejì tí ìgbálẹ̀ já, mo tún yà wọ́n, mo sì lọ bá a nídìí jẹnẹrétọ̀.

"Okun o, Bàbá."

"Okun, Àǹtí. Ṣé dáadáa lo jí?"

"Ẹ wọ yàrá sáfà lánàá."

"Mo wọ̀ ọ́. Mo máa ń wọ̀ ọ́."

"Kí lẹ wá ṣe níbẹ̀?"

Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Iṣẹ́ ni, Àǹtí. Iṣẹ́ tí ìwọ náà mọ̀."

Iṣẹ́ tí èmi náà mọ̀! Ẹ ò rí àfojúdi? Orí mi gbóná débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀ ni ohun tí mò ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, mo wà ní wọ́ọ̀dù, gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ṣú dùdù. Mo sáré dé yàrá sáfà, òórùn nǹkan tó jóná ló pàdé mi. Sáfà àkọ́kọ́ ti kú, orí rẹ̀ ni ìwé orúkọ àti ẹ̀dà rẹ̀ tún ti jọ wà. Níta, èrò tò títí dé ẹnu géètì. Wọ́n ń bi ìyá àgbà kan tó wá láti Ekinrin-Adde pé oògùn wo ni kì í bá a lára mu. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ gba káàdì mi, tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ kì í gbàgbé?" Ẹ̀dà mìíràn tí mo máa ń kó sílé lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ ni mo fi dá ìwé orúkọ náà padà lọ́jọ́ kejì, síbẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò.

Lọ́jọ́ Ẹtì, dókítà àgbà, obìnrin tó ń darí ọsibítù wa, pe èmi àti Bàbá Sálíù sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó bi mí pé ta ló kó wọn pọ̀. Mi ò kólòlò. Mo ní, "Bàbá Sálíù ni, ma. Ó dá mi lójú." Mo sọ ti ìgbálẹ̀, mo sọ ti Ràmátù.

Dókítà yíjú sí i. "Bàbá, ṣé ẹ wọ yàrá náà?"

"Mo wọ̀ ọ́."

"Ẹ fọwọ́ kan sáfà?"

"Mo fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé?"

Bàbá wò mí. "Ẹ bi Àǹtí," ló sọ.

"Ẹ gbọ́ o!" mo pariwo. "Ó tún fẹ́ dì í rù mí!"

Dókítà fún un ní ìwé pé kí ó wá wí tẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á lé e. Oṣù mẹ́jọ ló kù fún un kí ó fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì sùn dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí ilé jẹnẹrétọ̀ láti wá ẹ̀rí tí màá fi kún ẹjọ́ mi. Bàbá ti lọ kírun. Ojú mi lọ sára ògiri. Ó ti fi èédú kọ̀wé sára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọjọ́ lábẹ́ ọjọ́, ní Yorùbá tó ṣe kedere: "Ìṣẹ́gun. Aago kan kọjá, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ń gbọ̀n. Mo pa sáfà àárín bí Àǹtí ṣe wí. Iná dé, mo tàn án." Bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ nìyẹn. Bí Àǹtí ṣe wí. Bí Àǹtí ṣe wí.

Mo rántí. Ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ńlá bàjẹ́, tí wọ́n gbé kékeré dé, mò ń sáré lọ wọkọ̀ Iyara, àgbàdo sísun wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, bí èyí bá ń gbọ̀n, ẹ pa sáfà àárín, kò lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Mo fi bọ́tìnnì tó máa tẹ̀ hàn án. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Mo wọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kúrò lórí mi pátápátá.

Mo padà síwájú kọ̀ǹpútà mi, mo ṣí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀rọ. Ìlà tó wà lókè èyí tí mo ti kà gan-an ló sọ ọ́: sáfà àárín kú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi jí ẹ̀dà náà dìde lórí sáfà àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀kẹta ti kún. Òfin má-jọ-gbé ńkọ́? Oríṣi méjì ni: dandan, àti bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ó bá ṣeé ṣe ni èmi yàn. Ìgbà tí sáfà àárín sì jí, ẹ̀rọ béèrè bóyá kí òun tún yà wọ́n. Ìbéèrè rẹ̀ wà lójú ewé kan tí mi ò ṣí rí. Èmi tí mo ní kó máa bi mí!

Nígbà tí Bàbá dé pẹ̀lú kẹ́tùrù àlùwàlá rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí gáàsì, epo jẹnẹrétọ̀, ti dà sí.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ dárí jì mí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé èmi ni mo rán yín?"

"Haba, Àǹtí! Mo rò pé o mọ̀." Ó gbé kẹ́tùrù sílẹ̀. "Láti àná ni mo ti ń retí pé wàá sọ ọ́ fúnra rẹ. Tí mo bá dójú tì ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ, kí ló kù?"

"Tí mi ò bá wá ńkọ́?"

"Ọjọ́ Ajé kò tíì pé," ó sọ. "Dìde. Gáàsì ò dára fún aṣọ."

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, mi ò sun irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo ní ó dá ọ lójú?" Mo ní, "Ó dá mi lójú nígbà yẹn, ma." Ó fa ìwé tó fún Bàbá ya, ó kọ òmíràn ní orúkọ mi. Ó tọ́ sí mi. Mo sọ òfin di dandan, mo ṣí àyè sílẹ̀ lórí sáfà kẹta, mo sì gbà kí ẹ̀rọ máa yà wọ́n fúnra rẹ̀. Mo lọ mú èédú, mo kọ ìlànà tuntun sára ògiri Bàbá, mo sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, Bàbá Sálíù fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní pípé. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó na ìdì kọ́kọ́rọ́ sí mi. Ó ní, "Kà wọ́n, Àǹtí, o mọ ara rẹ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, mi ò ní kà wọ́n." Mo jù wọ́n sínú báàgì.

Ìgbà tí mo délé ni mo kà wọ́n. Wọ́n pé.