Kọfí Tí Mo Sè Bí Àgbo

Ẹ̀yin ọmọ mi l'Ékòó,

Bùkọ́lá aládùúgbò wa ti bí obìnrin, Dúpẹ́ àbúrò rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ ní Ìlútítun, ojú èmi ìyá yín sì rí màbo lónìí.

Olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ àgbà ló gbọ́ lórí rédíò pé ó jọ pé àwọn tó ń mu kọfí kì í sábà ní Pákínsìn, àìsàn tó ń mú ọwọ́ àgbà gbọ̀n. Ó ní wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ̀n débi pé kò lè di ṣíbí mú mọ́. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kọ, n kò fẹ́ kí ọwọ́ tèmi náà gbọ̀n! Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mo da odidi agolo kọfí sínú ìkòkò àgbo, mo sè é, mo mu abọ́ kan láàárọ̀.

Ní kíláàsì, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Olùkọ́, Pákínsìn ti dé!"

"Màmá, kí lẹ mu?"

"Kọfí tí ẹ sọ ni. Abọ́ kan péré."

"Abọ́ kẹ̀! Ṣíbí kékeré kan ni wọ́n ń bù sínú ife! Kọfí ló ń mú ọwọ́ yín gbọ̀n, kì í ṣe àìsàn."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ta ló rẹ́rìn-ín jù nínú yín? Ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ fi owó inú ìwé yìí ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, ẹ má ra kọfí o. Ara mi ti balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ẹ wo bí mo ṣe kọ iye owó náà, bóyá ó gbọ̀n: ₦200.