Ọ̀nà Omi Tí Bàbá Mi Gbàdúrà Sí

Òórùn bẹntiróòlù tó dà sórí omi ni ó máa ń gbé mi padà síbẹ̀. Kì í ṣe bẹntiróòlù lásán o, èyí tí wọ́n ti po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ ni, tó ń dán lójú omi bí ọrùn àdàbà, tí èéfín ẹja yíyan sì ń fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá. Bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀ ní èbúté èyíkéyìí, etí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, màá sì tún rí ara mi lórí afárá pákó ìlú wa, láàárín èrò tó ń pariwo, tí mò ń retí kí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yọ ní kọ̀rọ̀. Ìwọ tí a jọ dàgbà ní etí òkun yìí á rántí pé a ti sá eré ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rí ní agbègbè wa. Àwọn ọmọ mi ò gbàgbọ́. Wọ́n ní níbo la ti sá a? Mi ò sì ní ibi tí mo lè nàka sí, nítorí gbogbo ibẹ̀ ti di omi.

Ìlú tí ìjọ tẹ̀dó ni ìlú wa, ìlú kékeré tí gbogbo ilé rẹ̀ dúró lórí òpó. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì la fi ń jí, òun náà la fi ń lọ síbi iṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún sì jẹ́ ti gbogbo wa pátá. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti mọ ìwé tí mò ń kọ yìí, mo sì ń dúpẹ́ rẹ̀ títí dòní. Alàgbà ni bàbá mi. Ìyé, bí a ṣe ń pe ìyá wa, a máa hun ẹní. Lẹ́yìn ìlú, nínú àbàtà tí omi dídùn kún, ni òré ti ń hù, koríko gígùn tí àwọn obìnrin Ìlàjẹ fi ń hun ẹní. Inú àbàtà yẹn náà la ti ń pọn omi tí a ń mu. Èmi àti Ìyé la jọ máa ń lọ gé òré. A ó wọ inú omi dé ìbàdí, òórùn òré tútù á sì lẹ̀ mọ́ wa lára débi pé bí a bá wẹ̀, kò ní lọ.

Sátidé tó ṣáájú ìdúpẹ́ ìkórè ni a máa ń sá eré náà. Àwọn ọ̀dọ́ apẹja ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kúkú ti máa ń bá ara wọn díje bí wọ́n bá ń ti ojú òkun bọ̀, ni àwọn àgbà bá ní kí wọ́n wá máa sá a níbi tí ojú wa ti lè tó wọn. Awakọ̀ á wá láti Ugbonla, á wá láti Awoye, àwọn ará Oríòkè-Ìwàmímọ́ náà á dé pẹ̀lú orin. Wọn á gbéra ní èbúté ṣọ́ọ̀ṣì, wọn á lọ yí òpó kan po ní ẹnu ọ̀sà, wọn á sì gba ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ padà wálé. Ìpadàbọ̀ yìí ni wàhálà wà. Ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ a máa pàdé lójú ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo, ọkọ̀ a sì máa forí gbárí. Lọ́dún kan, ọkọ̀ méjì fọ́ yángá, Ọlọ́run ló yọ àwọn awakọ̀. Ìgbà náà ni ẹnì kan dábàá pé kí a la ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín ọ̀sà àti ẹ̀yìn ìlú, kí ọkọ̀ lè máa yípo, kí ó gba iwájú lọ, kí ó sì gba ẹ̀yìn wọlé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kojú ẹnikẹ́ni mọ́.

A lu agogo, gbogbo ìlú sì jáde. Àwọn ọkùnrin ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́lẹ̀, àwa obìnrin ń fi abọ́ kó ẹrẹ̀, orin ò sì dá lẹ́nu wa. Kódà bàbá Mùsùlùmí tó ń ta bẹntiróòlù létí èbúté ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọ inú ẹrẹ̀. Ẹnì kan bi í pé kí ló kàn án nínú iṣẹ́ ìjọ. "Èmi kọ́ ni màá ta epo tí wọ́n máa jó níbẹ̀?" ló fi dáhùn. "Ṣé kí n wá jókòó kí n máa wò yín ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí omi ìhà méjèèjì pàdé, wọ́n ní kí bàbá mi gbàdúrà. Ó dúró sínú kòtò náà, aṣọ funfun rẹ̀ ti dọ̀tí dé orúnkún, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Olúwa," ó ní, "jẹ́ kí omi máa gba ibí yìí kọjá títí láé. Má ṣe jẹ́ kí ó dí." Àmín tí a ṣe lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí igi. Ọ̀nà Tuntun la sọ ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mọ Ọ̀nà Tuntun gbà ju gbogbo wọn lọ. Ṣé o rántí bó ṣe máa ń dìde dúró nínú ọkọ̀ bó bá dé kọ̀rọ̀ yẹn? Yóò fi ìdí ọkọ̀ gbá omi, omi á fò dé ara àwa tó wà lórí afárá, a ó sì máa kígbe bí ẹni tí òjò kọ́kọ́ pa. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn eré náà ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo mọ̀ nígbà yẹn lọ. Ìgbì tí àwọn ẹ́ńjìnnì náà ń fà, ṣe ló ń bu ilẹ̀ létí Ọ̀nà Tuntun jẹ, díẹ̀díẹ̀, ní ọjọ́ eré àti ní ọjọ́ ìdánrawò. A rí i. Inú wa tilẹ̀ dùn pé ọ̀nà ń fẹ̀ sí i.

Òré ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyé na ọwọ́ sí ìdì kan láti gé e, ó dúró. Orí òré náà ti pọ́n bí ẹni tí iná rà á lára, kò sì sí iná. Ìyé bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi tọ́nu, ó wá na ọwọ́ náà sí mi.

"Tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò. "Ìyé, ó níyọ̀."

"Iyọ̀ wo?"

Àwa méjèèjì mọ iyọ̀ wo ni. Omi òkun tó ń wọ ọ̀sà bí òkun bá ti kún ti gba Ọ̀nà Tuntun wọ inú àbàtà wa. A padà sílé láìru nǹkan kan. Bàbá mi jókòó, ó ń jẹ púpurú. Ìyé ò kí i. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi sì ń kán lára aṣọ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní, "àdúrà rẹ mà gbà o."

Ó kọ́kọ́ rò pé ìròyìn ayọ̀ ni. Ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ojú Ìyé, ó rọra gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Mi ò tíì gbàgbé òkèlè yẹn.

Ó lọ bá àwọn àgbà. Ó ní kí a má sá eré ọdún yẹn, kí a lu agogo kí gbogbo ìlú tún jáde, kí a dí Ọ̀nà Tuntun kó tó pẹ́ jù. Wọ́n ní àlejò ti ń múra, kó jẹ́ kí ìkórè kọjá ná. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Alàgbà, ṣebí ìwọ lo bẹ̀bẹ̀ fún un? Ṣé o wá fẹ́ kí Ọlọ́run gba ẹ̀bùn rẹ̀ padà ni?" Ó délé, ó ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìdáhùn sí i. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ n sá tọdún yìí. Bí mo bá sá a tán, èmi fúnra mi ni màá kó ẹrẹ̀ dí i." Bàbá mi wò ó, ó dìde, ó jáde lọ sétí omi.

Lọ́jọ́ eré, mi ò rí bàbá mi ní èbúté. Mo rò pé ó dúró sílé nítorí ìbànújẹ́ ni. Ìbọn dún, ọkọ̀ gbéra, wọ́n gba iwájú lọ, ariwo wọn sì ń jìnnà. Gbogbo wa sáré gba orí afárá lọ sí ẹ̀yìn ìlú, kí a lè rí wọn bí wọ́n bá ń gba Ọ̀nà Tuntun wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ó ti gbé ọkọ̀ kékeré Ìyé, èyí tí a fi ń kó òré, dábùú ẹnu Ọ̀nà Tuntun. Ó fi okùn so ó mọ́ igi níhà méjèèjì. Òré gbígbẹ, pupa, ló kún inú ọkọ̀ náà. Ó jókòó sáàárín wọn nínú aṣọ funfun rẹ̀, àjẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó sì kọjú síbi tí ọkọ̀ máa gbà yọ.

Kọ̀rọ̀ ni ibẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ ò ní rí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Bàbá tó ń ta bẹntiróòlù fi ẹsẹ̀ kan bọ omi, ó ń ju ọwọ́. "Alàgbà, ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é! Ẹ́ńjìnnì ò gbọ́ àdúrà o!" Ìyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fún un mọ́lẹ̀. A ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì bọ̀. Mo mọ ohùn ti ẹ̀gbọ́n mi láàárín gbogbo wọn. Òun ló wà níwájú.

Ó yọ. Ó dìde dúró bó ṣe máa ń ṣe. Mo rí i tó rí bàbá wa. Ká ní ó kàn dín ẹ́ńjìnnì kù, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ì bá gùn ún lórí, kí gbogbo wọn tó jọ gun bàbá wa. Ó na ọwọ́ kan sókè tààrà kí wọ́n lè rí i, ó sì fi ọwọ́ kejì yí ẹ́ńjìnnì, ó darí ọkọ̀ sínú àwọn igi etí omi tí gbòǹgbò wọn dúró bí ẹsẹ̀ àkàn. Ọkọ̀ gun orí gbòǹgbò, ó dojú dé. Àwọn tó kù yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. Ìgbì tí gbogbo wọn fà wá dìde, ó bo bàbá mi mọ́lẹ̀.

Nígbà tí omi rọlẹ̀, ó dúró nínú omi dé àyà, ó di okùn mú, òré ń léfòó yí i ká. Wọ́n fa ẹ̀gbọ́n mi jáde, ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, apá rẹ̀ òsì ti kán. Ó wo bàbá wa lókèèrè.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Rárá, ọmọ mi. Ẹnu mi ni wọ́n fi ṣí ọ̀nà yìí. Mi ò mọ ibòmíràn tí ǹ bá dúró sí."

A ò sá eré mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Agogo dún, gbogbo ìlú sì jáde, a kó ẹrẹ̀, a ju ìtì igi sínú Ọ̀nà Tuntun. Bí a bá dí i lónìí, bí òkun bá tún ti kún, omi á gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, apá wa ò ká a mọ́. Òré kú tán. Ìyé ò hun ẹní mọ́. Ilé lẹ́yìn ilé wọ omi, tiwa náà wọ omi, a sì kó lọ sórí ilẹ̀ gíga. Àwọn kan ní kì í ṣe ọwọ́ wa ni, pé òkun ń jẹ gbogbo etí ilẹ̀ Ìlàjẹ, àti pé àwọn ọ̀nà omi tí ẹ̀rọ ńlá gbẹ́ níbòmíràn ju tiwa lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bàbá mi ò fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú. Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá a dùbúlẹ̀, ó bi mí pé, "Ṣé omi náà ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó di ojú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbàdúrà fún un lásìkò yẹn, ètè rẹ̀ á mì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí ó ṣe àmín.

Ìyẹn dà mí láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gba Ọlọ́run gbọ́ tọkàntọkàn, mo sì máa ń bi ara mi pé kí ni ènìyàn ń ṣe sí àdúrà tó ti gbà, tí kò sì ṣeé gbà padà.

Láìpẹ́ yìí ni mo wọ ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Awoye. Eré burúkú ni awakọ̀ wa, ọ̀dọ́kùnrin kan, ń sá. Lójijì, lójú omi gbalasa tí kò sí igi, tí kò sí ilé, ó dín ẹ́ńjìnnì kù títí ó fi ń kùn lásán. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, mo rí ibi tí orí òpó ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣì ti yọ díẹ̀ nínú omi. Ibẹ̀ ni Ọ̀nà Tuntun wà rí.

"Kí ló dé?" obìnrin kan tó wọ híjáàbù béèrè. "Ṣé epo ti tán ni?"

"Rárá, màmá. A kì í sáré níbí ni. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Nítorí kí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ojú ń tì. "Wọ́n ní bàbá kan jókòó síbẹ̀."

Ìyá arúgbó kan ń bọ̀ nínú ọkọ̀ kékeré, ó kó igi ìdáná, ó ń fi àjẹ̀ wà á. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ọkọ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ mì. Ó gbé ọwọ́ sókè kí wa, awakọ̀ náà kí i padà, a sì ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí a fi fi í sílẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Mo ti ọwọ́ bọ omi náà. Mo ṣe àmín tí bàbá mi ò lè ṣe mọ́ sí àdúrà rẹ̀ àtijọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ má baà gbọ́.